Ta Ló Rán Ọ Wá Ya Fọ́tò?

Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn ní Abobo Gare, ìbéèrè kan náà ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀dọ́ tó ń pe èrò sínú gbaka, lẹ́nu ìyá tó ń yan ẹja, àti lẹ́nu bàbá tó jókòó ti páàtì ọkọ̀: ta ló rán ọ? Wọn ò ní bi yín bóyá fọ́tò náà dára. Wọn ò ní bi yín ní iye tí ẹ ra kámẹ́rà. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín ni wọ́n fẹ́ mọ̀, ìwé ìròyìn ni o, ìjọba ni o, tàbí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù wọn. Bí ẹ bá wá dáhùn pé kò sẹ́ni tó rán yín, pé ẹ kàn jáde láti rìn ni, kí ẹ sì ya ohun tí ojú yín bá rí, ìgbà yẹn gan-an ni ìfura bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Ta wá ni yóò máa rìn láàárín gbaka àti ẹrẹ̀ Abobo ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, tí kò lé nǹkan, tí nǹkan kò sì lé e?

Èmi ni. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ márùn-ún: olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, nọ́ọ̀sì kan, ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe, àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì méjì. Kò sí èyí tó ń fi fọ́tò jẹun nínú wa. Ìwé kíkọ ni èmi fi ń jẹun, bí ẹ bá lè pe ohun tí wọ́n ń san fún wa ní oúnjẹ. Lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, a máa ń pàdé lẹ́bàá ojú irin kí ilẹ̀ tó mọ́, a ó sì fẹsẹ̀ rìn títí oòrùn yóò fi le. Àwọn kan ń pè é ní ìwà ọ̀lẹ, àwọn kan ní àṣà òyìnbó ni à ń sín jẹ. Èmi ò gbà. Mo rò pé ìrìn tí ẹnikẹ́ni kò ránni yìí, pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn, wà lára ohun tí ibi bí Abobo nílò jù lọ, ọ̀dọ̀ àwa tí a ń gbé ibẹ̀ ló sì yẹ kó ti wá.

Ẹ má bá àwọn tó ń béèrè wí, nítorí láàárín tiwa, fọ́tò ti máa ń ní iṣẹ́ tí a fi rán an. Èjìgbò ni àwọn òbí mi ti wá, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó jẹ́ pé bí ẹ bá sọ Faransé lójú ọjà ibẹ̀, ẹ ó rí ẹni dá yín lóhùn, nítorí iye ọmọ ìlú náà tó ti gbé Abidjan rí. Anango ni wọ́n ń pè wá níhìn-ín. A mọ̀ wá mọ́ páàtì ọkọ̀ àti òwò kéékèèké, ṣùgbọ́n a mọ̀ wá mọ́ kámẹ́rà náà nígbà kan. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣí ilé fọ́tò nílùú Bouaké àti láwọn ìlú mìíràn lórílẹ̀-èdè yìí, bí wọ́n ti ṣe ní Togo àti ní Nijẹr. Ohun tí wọ́n ń tà ni ojú èèyàn. Bí ẹ bá ṣí álíbọ́ọ̀mù ìyá mi, ẹ ó rí ìkómọ, ẹ ó rí ọdún Iléyá, ìsìnkú, ìgbéyàwó, àti àwọn fọ́tò kékeré tó ṣẹ́ kù lára ti káàdì ìdánimọ̀. Kò sí igi kan ṣoṣo nínú rẹ̀, àfi èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sára aṣọ tí wọ́n ta sẹ́yìn àga.

Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí àwọn ayàwòrán Yorùbá nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ohun tó rí níbẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ẹni tí wọ́n ń yà jókòó gbọnyin, ó kọjú sí kámẹ́rà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún, aṣọ rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ. Kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó fẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ rí ni ìyì. Ní Korhogo, lápá òkè orílẹ̀-èdè yìí, Cornélius Azaglo Augustt, ọmọ Kpalimé ní Togo, ya àwọn àgbẹ̀ Senufo láti abúlé dé abúlé ní gbangba ìta, nítorí ìjọba ní kí wọ́n ní ìwé ìdánimọ̀. Lónìí àwọn àwòrán náà wà lára iṣẹ́ fọ́tò tó lẹ́wà jù lọ tí ilẹ̀ Áfíríkà ní. Síbẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n. Ìjọba ló rán an.

Mo rí àṣà yìí lójú ara mi. Bàbá kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó ń ta páàtì ọkọ̀ àlòkù. Lọ́jọ́ kan, bí mo ti ń ya ògiri kan tí ìpẹtà omi òjò ti kọ nǹkan bí lẹ́tà sí, ó ké sí mi.

“Ọmọ mi, ta ló rán ọ?”

“Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Kò sẹ́ni tó rán mi.”

“Àbí ìwọ náà ti wà lára àwọn tó fẹ́ lé wa kúrò níbí?”

“Rárá o, Bàbá. Mo kàn ń rìn ni.”

Ó wò mí títí. “Ògiri lo wá ń yà, tí èèyàn jókòó síbí? Ó dáa. Dúró, jẹ́ kí n pààrọ̀ aṣọ.”

Nígbà tó padà dé, agbádá ló wọ̀, ó dé fìlà, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ó ní kí n má jẹ́ kí irin kankan hàn lẹ́yìn òun. Èmi fẹ́ kí àwọn irin náà hàn: àwọn ẹ́ńjìnnì tó tò bí ìkòkò, okùn rọ́bà tó so kọ́ bí ejò. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni, fọ́tò rẹ̀ ni. Mo yà á bó ti fẹ́. N óò tún dá ọ̀rọ̀ bàbá yìí mú bí a bá dé iwájú.

Kí wá ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí a rán àti ẹni tí a kò rán? Ẹni tí a rán níṣẹ́ ti mọ ohun tó ń wá kó tó kúrò nílé. Bí olóòtú ìwé ìròyìn bá ní kí o lọ ya ìyà tó ń jẹ Abobo, ìyà ni wàá rí, nítorí pé ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bí ilé-iṣẹ́ ìjọba bá ní kí o lọ ya ìdàgbàsókè, títì tuntun ni wàá rí, òun náà sì wà níbẹ̀. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni kò sẹ́ni tó ń ránni sí.

Ẹ tẹ “Abobo” sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi pàdé 2011. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún náà, àwọn obìnrin jáde ní Abobo láti fẹ̀hónú hàn, wọ́n yìnbọn lù wọ́n, méje kú. Ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà, ọta àgbá já bọ́ sí ọjà Siaka Koné àti àyíká rẹ̀, ó kéré tán èèyàn 25 ló bá a lọ. Ẹnì kan ya fídíò ọjọ́ àwọn obìnrin yẹn, fídíò náà rin ayé já, wọ́n sì jíròrò lé e lórí ní ilé-ẹjọ́ àgbáyé tó wà ní The Hague. Láti ìgbà náà, “Abobo la guerre” ti lẹ̀ mọ́ wa lára. Èmi kọ́ ni n óò sọ pé kò yẹ kí àwọn àwòrán wọ̀nyẹn wà. Ó yẹ, ó sì tún yẹ kí wọ́n wà títí láé. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n dá wà. Ìkànìyàn 2021 ka èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan àti 300,000 sí Abobo. Àwọn èèyàn yẹn ti jí, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti jà sí àga gbaka, wọ́n ti jẹ garba lójoojúmọ́ láti ọdún wọ̀nyẹn wá, ta ni ó ya ìyẹn? Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Onílé wá ríran, kò gbé kámẹ́rà.

Ẹ lè ní fóònù wà, gbogbo èèyàn ló ti di ayàwòrán. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣí fóònù yín wò. Èmi ṣí tèmi: ojú ara mi, oúnjẹ, ìwé tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́, aṣọ ẹbí. Álíbọ́ọ̀mù ìyá mi náà ni, ó kàn pọ̀ sí i ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹsẹ̀ pàápàá lè jẹ́ ara irinṣẹ́ ni Akinbode Akinbiyi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Oxford ní 1946, tó sì ti ń gbé ní Berlin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé ló kà ní yunifásítì, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ ní fọ́tò ní àwọn ọdún 1970. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa rìn lọ: Èkó, Bamako, Dakar, Johannesburg, Berlin. Ó ti ya etíkun Bar Beach l’Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn aláṣọ funfun, àwọn ẹlẹ́ṣin, àwọn tó kàn jókòó, kí wọ́n tó fi iyanrìn dí òkun níbẹ̀. Ní 2020, ilé àfihàn Gropius Bau ní Berlin gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀; ní 2024, ó gba ẹ̀bùn Hannah Höch ti ìlú náà. Irú kámẹ́rà tó ń lò, Rolleiflex, láti òkè ni wọ́n ń wo inú rẹ̀, ní ìbámu pẹ̀lú àyà tàbí ikùn. Ìyẹn ni pé kí ayàwòrán tó lè rí ẹ, àfi kó tẹrí ba. Mi ò mọ irinṣẹ́ mìíràn tó bá ìwà Yorùbá mu tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó ní ọkùnrin ni. Òótọ́ ni. Nínú Open City tí Teju Cole kọ ní 2011, ẹni tó ń rìn káàkiri New York láti ìrọ̀lẹ́ dòru, ọkùnrin náà ni. Obìnrin tó bá ń rìn láìsí ohun tó ń wá, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń fún un, ní Abidjan bí i ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ní ìlú wa níbí, Joana Choumali, tí wọ́n bí ní 1974, ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń rìn, ó sì ń ya ìdájí. Ó tẹ àwọn àwòrán náà sára aṣọ, ó sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe iṣẹ́ ọnà sí wọn lára. Alba’hian ni ó pè é, ọ̀rọ̀ èdè Agni nípa ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ òwúrọ̀. Kó tó di pé ó ṣe ìyẹn, ó ti ya Grand-Bassam lẹ́yìn tí àwọn apanilẹ́kún-jayé ṣọṣẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2016. Fóònù ló fi yà á, òwú ló fi kó o. Àwọn àwòrán yẹn ló gba ẹ̀bùn Prix Pictet fún un ní 2019, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Obìnrin kan tó ń rìn ní ìdájí nínú Abidjan ni ẹ̀bùn yẹn wá bá.

Ní tiwa o, mẹ́fà la máa ń jẹ́, kì í ṣe nítorí ọnà. Gbogbo ará Abobo ló mọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní “microbes”, àwọn ọmọdé tó ń fi ọ̀bẹ jalè. Kò sẹ́ni tó ń dá rìn ní ìdájí pẹ̀lú ohun tó níye lórí lọ́rùn. A ti mọ ọ̀nà tí a kì í gbà. A ti mọ̀ pé a kì í ya àgọ́ ológun àti ọlọ́pàá, ì báà jẹ́ pé ẹyẹ ló bà lórí odi wọn. Ìyẹn náà jẹ́ ìmọ̀ nípa ìlú.

Ohun tó kù ni ìgbádùn, n kò sì ní fi bò. Lásìkò ọyẹ́, bí aago mẹ́fà ààbọ̀ bá ń lọ lù, èéfín ẹja, eruku àti èéfín gbaka á dàpọ̀ lórí ojú irin, oòrùn á sì yọ lẹ́yìn wọn ní pupa rẹ́súrẹ́sú bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni. Nínú ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn, obìnrin tó ru àwo attiéké lọ sójú irin kò jọ ẹni tí ẹ mọ̀ mọ́. A óò gba ọ̀nà Derrière Rails, a óò padà yọ sí Samaké, bí a bá ní okun a óò dé Anonkoua-Kouté, abúlé àwọn Tchaman tí ìlú ti gbé mì, ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì ń jókòó síta gẹ́gẹ́ bí ará abúlé. Kámẹ́rà àlòkù ni mo ní, láti Adjamé, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 35mm kan ṣoṣo tí kì í fa ohun tó jìnnà wá sí tòsí. Bí mo bá fẹ́ kí ojú ẹnì kan tóbi nínú fọ́tò, àfi kí n sún mọ́ ọn. Bí mo bá sì sún mọ́ ọn, àfi kí n kí i.

Ibi tí àríyànjiyàn ti máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìyẹn. Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe gbà pé bí a bá kí èèyàn kí a tó yà á, a ti ba fọ́tò jẹ́: yóò tún fìlà rẹ̀ ṣe, yóò fa ojú ro. Ó ní òótọ́ wà nínú ohun tí a bá jí yà. Mo mọ àwọn ayàwòrán ńlá láyé tó gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ìdáhùn mi ni pé ìlú tí wọ́n ti ń jí nǹkan wọn tó kò nílò olè mìíràn, kódà bí olè náà bá ní ojú inú. Láti 2013 ni Côte d’Ivoire ti ní òfin lórí ìdáàbòbò ohun tó jẹ mọ́ ìdánimọ̀ èèyàn, ojú èèyàn sì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ òfin ni yóò kọ́ wa. A ti fẹnu kò sí ohun kan ṣá: ẹni tí ojú rẹ̀ bá hàn, a ó tẹ fọ́tò rẹ̀ sórí ìwé, a ó sì gbé e lọ fún un. Kì í ṣe lórí WhatsApp o. Lórí ìwé. Owó rẹ̀ ń dunni, ó sì ti dín iye èèyàn tí à ń yà kù, èyí tó jẹ́ àǹfààní tí n kò ronú kàn tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bi wá tẹ́lẹ̀ pé ta ló rán wa, ìgbà tí a máa padà wá ni wọ́n ń béèrè báyìí.

Igbó ńkọ́? Ìyá mi gbọ́ pé a fẹ́ lọ sínú igbó Banco, ó ní, “Igbó? Kí lo sọ nù síbẹ̀?” N kò rí èsì fọ̀ fún un, nítorí ìbéèrè rẹ̀ jinlẹ̀. Nínú èdè wa, igbó kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Ọdẹ ló ń wọ̀ ọ́, àti ẹni tó ń já ewé. Kódà nígbà tí Fagunwa kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, ọba ló rán Àkàrà-oògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ẹ rí i pé a ò tíì bọ́ lọ́wọ́ “ta ló rán ọ”.

Igbó Banco sì rèé, láàárín ìlú gan-an, tí Abobo, Yopougon, Adjamé àti Attécoubé yí i ká. Ìjọba Faransé ti fi òfin pààlà rẹ̀ ní 1926. Ní 1953 ni ó di igbó ọba tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé. Ó lé ní hẹ́kítà 3,400. Abẹ́ ilẹ̀ ni Abidjan ti ń fa omi mu, igbó yìí sì wà lára ohun tó ń dáàbò bo omi náà, nítorí náà gbogbo ẹni tó bá mu omi ẹ̀rọ ní ìlú yìí ti jẹ ẹ́ ní gbèsè. Mo ti bá àwọn ọmọ Abobo pàdé, àwọn ọmọ ogún ọdún, tí wọ́n ń wo orí igi rẹ̀ láti òkè ilé wọn láti kékeré, tí ẹsẹ̀ wọn kò kàn án rí. Ẹnu ọ̀nà ńlá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Autoroute du Nord. Ẹni tó ń gbé lẹ́yìn igbó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ yí ìlú po kó tó dé iwájú rẹ̀, kó sì tún san owó ìwọlé. Òyìnbó láti Cocody ti débẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú bàtà ìrìn àti igo omi. Èyí tí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò mọ̀ jù nípa Banco pàápàá kì í ṣe igi: àwọn alágbàfọ̀ odò náà ni, àwọn tí wọ́n ń pè ní fanico, tí wọ́n ń lu aṣọ mọ́ òkúta nínú omi, tí àwòrán wọn sì ti wọ ìwé àti káàdì ìkíni lọ jìnnà. N ò tíì rí alágbàfọ̀ kan tó fi ọ̀kan hàn mí nínú àwọn fọ́tò náà.

Nígbà tí a wọ igbó náà níkẹyìn, ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí ni etí. Ariwo títì kú lójijì, bí ẹni pa rédíò. Òkùnkùn abẹ́ igi pọ̀ débi pé kámẹ́rà mi kò mọ ohun tí ì bá ṣe. Gbogbo fọ́tò àkọ́kọ́ mi ló mì. Ẹ̀ṣọ́ tó mú wa kiri mọ orúkọ igi lọ́nà tí pásítọ̀ fi mọ orúkọ ọmọ ìjọ. Ó fi avodiré hàn wá, igi tí igbó yìí lókìkí fún, ó ní kí a gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Nọ́ọ̀sì wa, tó ti ṣiṣẹ́ òru mọ́jú, jókòó sí ìdí rẹ̀ ó sì sùn lọ. Kò sẹ́ni tó jí i. Èyí tí mo yà níbẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo fọ́tò mi: obìnrin kan tó sùn nínú igbó, tí kò sá fún ẹnikẹ́ni, tí kò wá ewé, tí ọba kò rán.

Mo mọ̀ pé ìwọ̀nyí lè dà bí ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ létí ẹni tí kò tíì rówó ilé san. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n padà sórí bàbá onípáàtì.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2017, wọ́n fi ìpìlẹ̀ mẹ́tírò Abidjan lélẹ̀. Láti Anyama ni yóò ti gba Abobo kọjá lọ sí Port-Bouët, nǹkan bí kìlómítà 37, ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin tí àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ní nǹkan bí 1904, tó sì dé Ouagadougou ní 1954. Ojú irin yẹn náà ni ó fún Abobo Gare ní orúkọ. N kò lòdì sí mẹ́tírò. Ẹni tó bá ti dúró de gbaka lábẹ́ òjò oṣù kẹfà kò ní lòdì sí i. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ náà tó lè wáyé, àwọn tó ń gbé àti àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin gbọ́dọ̀ kúrò, ọ̀pọ̀ sì ti kúrò. Bàbá wà lára wọn. Ó ti kó lọ sí òpin ìlú, lọ́nà N’Dotré.

Ó pè mí lórí fóònù lóṣù kan lẹ́yìn tó kó. Ó kí mi, ó kí ìyá mi, ó ní fọ́tò agbádá wà lára ògiri. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè, bí ẹni tí ojú ń tì, pé ṣé n kò ní èyí tí ṣọ́ọ̀bù náà hàn. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló lò níbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rẹ̀ tó ronú láti yà á, nítorí ta ni yóò ya irin dídípẹtà? Mo wá inú kọ̀ǹpútà mi fún alẹ́ kan gbáko. Èyí tí mo rí ni ògiri tí mo ń yà lọ́jọ́ tó ké sí mi. Ní igun apá ọ̀tún rẹ̀, ẹ rí ìdajì tábìlì, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta, rédíò kan, àti ẹsẹ̀ bàbá nínú sálúbàtà, kó tó lọ pààrọ̀ aṣọ. Mo tẹ̀ ẹ́ tóbi, mo sì gbé e lọ fún un. Ó ka àwọn ẹ́ńjìnnì náà ní orúkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibo ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ yóò wá máa gbé? Ní ọwọ́ mi, wọ́n wà lórí kọ̀ǹpútà kan tí omi lè dà sí lọ́la. Paul Kodjo, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ayàwòrán orílẹ̀-èdè yìí, ẹni tó ya Abidjan àwọn ọdún 1970 pẹ̀lú ijó àti afẹ́ rẹ̀, kú ní 2021. Bí kì í bá ṣe pé ayàwòrán mìíràn, Ananias Léki Dago, lọ gba fíìmù rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bàjẹ́, n kò rò pé a óò ní púpọ̀ nínú wọn láti fi hàn. Bí ti ọ̀gá bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ti àwa tí a ń yà fún ìgbádùn?

Abobo ní ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé nísinsìnyí, MuCAT, tó ṣí ní 2020, ilé ńlá tó rẹwà, tí kò jìnnà sí ibi tí gbaka ti ń já èrò sílẹ̀. Mo ti lọ wo iṣẹ́ àwọn ọ̀gá láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè níbẹ̀, inú mi sì dùn. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n fún kéré: kí wọ́n fún àwọn ará àdúgbò ní kọ́bọ́ọ̀dù kan àti òṣìṣẹ́ kan, tí ẹnikẹ́ni tó bá ní fọ́tò Abobo, tuntun tàbí ti àtijọ́, lè gbé e wá, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́, ibi àti orúkọ sí i lẹ́yìn. Álíbọ́ọ̀mù wà ní yàrá gbogbo ilé tí mo mọ̀ ní Abobo. Ẹ̀bẹ̀ kejì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó igbó Banco: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé Abobo máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ kan lóṣù, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mú fóònù wọn dání.

Sí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, n kò ní ẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, a ó pàdé ní aago márùn-ún ààbọ̀, níwájú ìyá alágbọ̀n búrẹ́dì lẹ́bàá ojú irin. Ibi tí bàbá kó lọ, lọ́nà N’Dotré, ni a fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé. Ó jìnnà, ẹ wọ bàtà tó dára. Olùkọ́ wa á mú omi wá, bàbá sì ti ní kí n sọ fún yín pé lọ́tẹ̀ yìí, òun kò ní pààrọ̀ aṣọ.